Bùsọ́lá, Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àkàbà Yẹn

Sọ̀ kalẹ̀ ná. Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀, Àṣàkẹ́, ká tó sọ ohunkóhun. Fọ́tò tí o fi sórí WhatsApp ẹbí ni mo rí tí mo fi sáré pè ọ́. O fi aṣọ wérí, o mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà lọ́wọ́, o ń rẹ́rìn-ín, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Artex orí àjà ń lọ lónìí. Ó ń lọ síbo? Ta ló lé e? Gbogbo ẹbí ń pàtẹ́wọ́ fún ọ, ìyá rẹ ní Ìbàdàn ń kọ "kú iṣẹ́ ọmọ mi", àyà èmi ń já níhìn-ín.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ. Ẹ kú oríire ilé, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ọmọ, fi owó, fi àlàáfíà gbé e. Àmín. Ìkíni tán. Ó yá, gba ìbáwí rẹ.

Ilé Thamesmead tí ẹ rà ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn, ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ? O ò mọ̀. Ìwọ tí o fi gbogbo òru ka ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa ṣọ́ọ̀bù tí o ti ra aṣọ fèrèsé, o ò mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé tí ẹ jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Thamesmead, 1968 ni àwọn ará ibẹ̀ àkọ́kọ́ kó wọlé, wọ́n sì ń kọ́ ọ lọ fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ìyẹn. Àsìkò yẹn gan-an ni Artex ń jayé orí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sọ́feyọ̀ tí ẹ sanwó fún náà á ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí asbestos wà nínú àjà. Lọ wo ìwé yẹn. Ó máa wà ní ojú ewé tí ìwọ àti ọkọ rẹ fò kọjá torí ẹ ń wá ibi tí wọ́n kọ iye owó sí.

O mọ̀ pé ọ́fíìsì ilé gbígbé ní káńsù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù nígbà tí àwọn ayálégbé bá pè pé àjà ń jò, pé àwọn fẹ́ so iná tuntun mọ́ ọn, pé àwọn kórìíra àwọn róbótó tó wà lórí rẹ̀. Ohun kan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo wọn: ṣé ẹ ti ha á? Èmi náà bi ọ́: ṣé o ti ha á? Má parọ́. Mo ti fi ìka fẹ fọ́tò yẹn. Igun ọ̀tún, lókè fèrèsé, ó ti yàtọ̀ níbẹ̀. Ó tó àtẹ́lẹwọ́.

Hẹn-ẹn. Mo mọ̀.

Má sunkún o, kò tíì burú. Gbọ́ bí o ṣe máa ṣe é. Jáde nínú yàrá yẹn, pa ilẹ̀kùn dé, kí ọmọ má wọ ibẹ̀. Má gbé ìgbálẹ̀. Má sì tan húfà, torí eruku ńlá ni húfà inú ilé ń mú. Èyí tó kéré, èyí tó ń pani, á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì fẹ́ ẹ padà sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí. Jẹ́ kí eruku balẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ ìbòmú tí wọ́n kọ FFP3 sí lára, kì í ṣe aláṣọ tó ṣẹ́ kù láti ayé Kòrónà. Rẹ àkísà sómi, fi nu ilẹ̀ àti ojú fèrèsé jẹ́jẹ́. Ká àkísà náà sínú ọ̀rá, ká ọ̀rá yẹn sínú ọ̀rá mìíràn, dè é, má jù ú sínú ike ìdọ̀tí. Aṣọ tí o wọ̀, má gbọ̀n ọ́n. Sínú ọ̀rá ni òun náà ń lọ. Kí o sì wẹ̀, kí o fọ irun. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ni. Fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé orí àwọn òyìnbó kan dà rú ni wọ́n fi ń ya abẹ̀bẹ̀ sórí àjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ pọ̀ nígbà náà, pákó pílásítà pẹlẹbẹ ni wọ́n sì ń kàn mọ́ òkè. Ibi tí pákó méjì ti pàdé máa ń hàn. Kí àjà tó lè dán, ẹni tó mọ iṣẹ́ ní láti rẹ́ ẹ pẹ̀lú sùúrù, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀, owó púpọ̀. Artex ò béèrè gbogbo ìyẹn. Ìyẹ̀fun ni, wọ́n á pò ó mọ́ omi kó ki, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì nípọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè, kó tó gbẹ wọ́n á fi ìyarun onígi tàbí búrọ́ọ̀ṣì ya ohun tó wù wọ́n sí i: róbótó, abẹ̀bẹ̀, èèpo igi, tàbí èyí tó ṣe ṣónṣó ṣónṣó tó lè ha ènìyàn lọ́wọ́. Bí àjà bá sán, ó bò ó. Bí pákó bá wọ́, ó bò ó. Orúkọ ọjà kan ni Artex, ṣùgbọ́n gbogbo irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi ò sì kórìíra rẹ̀. Mo ti wọ ilé tí gbogbo abẹ̀bẹ̀ orí àjà bá ara wọn mu láti ògiri dé ògiri, tó sì jẹ́ pé ojú lásán ni ọkùnrin tó ṣe é fi wọ̀n ọ́n. Gbìyànjú ẹ̀ wò kí o mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọmọdé ni.

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ohun tí a fi omi pò tí a lẹ̀ mọ́ òkè, ilẹ̀ ló máa ń wá. Kó lè di ara rẹ̀ mú, wọ́n ń po asbestos mọ́ ìyẹ̀fun náà, èyí funfun tí wọ́n ń pè ní chrysotile. Òkúta tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òkúta tó ń ya bí òwú, fọ́nrán rẹ̀ sì lè tín-ín-rín débi tí ojú ò ní rí i mọ́. Iná ò ràn án, ó lágbára, ó pọ̀, kò wọ́n, nítorí náà wọ́n fi sí gbogbo nǹkan: ara páìpù, òrùlé gáréèjì, táìlì ilẹ̀, pákó ẹ̀yìn àpótí fíúsì. Nínú Artex kì í pọ̀, kì í sábà ju 5 lọ nínú 100. Mo gbọ́ ọ, o ní kékeré ni. Kékeré ni lóòótọ́, bó bá jókòó jẹ́jẹ́ sínú àjà, tí ọ̀dà bò ó, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí o bá fi irin ha á ní gbígbẹ ni o ń lọ̀ ọ́ di eruku, tí o sì dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà, tí o ń ya fọ́tò.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò nínú irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Ní 1985 òfin ilẹ̀ yìí fi òpin sí asbestos aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1999 kí wọ́n tó fòfin de funfun. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi bá onílé jiyàn ní ọ́fíìsì wa: bí ilé bá ti dàgbà ju ọdún 2000 lọ, a gbà pé ó lè wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò á fi sọ pé kò sí.

Fọ́nrán asbestos ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè má jáde mọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀. Asbestosis wà níbẹ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró á máa le tí èémí á máa kúrú. Mesothelioma wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn dókítà ò tíì rí ìwòsàn fún. Wọn kì í tètè hàn. Ohun tí ènìyàn mí sínú ní ọmọ ogún ọdún lè dákẹ́ títí yóò fi di bàbá àgbà. Àjọ HSE tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ nílẹ̀ yìí sọ pé ó lé ní 5,000 ènìyàn tí àìsàn asbestos ń pa lọ́dọọdún ní Britain. Púpọ̀ wọn ṣiṣẹ́ níbi tó ti pọ̀: àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń wé páìpù, káfíńtà, àwọn oníṣẹ́ iná. Àwọn mìíràn jẹ́ ìyàwó irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò dé ibi iṣẹ́ rí. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn ni wọ́n ń gbọ̀n tí wọ́n ń fọ̀.

N kò sọ pé àtẹ́lẹwọ́ kan tí o ha máa pa ọ́. Mo kórìíra àwọn tó ń fi ìbẹ̀rù tajà. Artex wà lára àwọn tí ewu wọn kéré. HSE fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀, débi pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ orí rẹ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀kọ́ tó yẹ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọmọ kékeré wà nínú ilé yẹn, ó ń rákò nílẹ̀ tí eruku ń balẹ̀ sí, àìsàn tó sì ń dúró de ènìyàn fún ogójì ọdún, ọmọdé ló ní ogójì ọdún náà níwájú. Èmi tí mo ti dàgbà, mo lè ha á kí n jẹ́ kó máa dúró dè mí. Ìwọ ńkọ́? Òun ńkọ́? Àti ọkọ rẹ tó ń mu sìgá lẹ́yìn ilé tó rò pé n ò mọ̀. Sìgá àti asbestos, ẹ̀dọ̀fóró kan ò gba méjèèjì.

O ní fídíò ló kọ́ ọ. Mo mọ fídíò yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Houston náà fi ránṣẹ́ sí mi. Ọkùnrin kan ń fọ́n omi sókè, àjà ń rọ̀, ó ń já bọ́ sórí ọ̀rá, orin ń dún. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n tiwọn mọ́ òkè ni, ó dúró wúruwùru, ó sì máa ń mu omi bí wọn ò bá kùn ún lọ́dà. Wọ́n fi òfin dá fífọ́n irú èyí tó ní asbestos dúró níbẹ̀ ní 1978, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àjà ilé tó ti wà ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin inú fídíò yẹn ò sọ bóyá òun ṣe é. Tìrẹ le, ó ti jẹ ọ̀dà lé ọ̀dà láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wà ní ilé ìwé, omi á kàn ṣàn lórí rẹ̀ sọ́rùn rẹ ni.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe kí ẹ tó ra àkàbà nìyí: ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò tí àjọ UKAS fọwọ́ sí. Wọ́n á fi ọ̀rá, ìbòmú, ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí yín, tàbí kí ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá mú un fúnra wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní ọmọ nílé. Bí ẹ bá ní ẹ máa mú un fúnra yín, ẹ fi omi tí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ rẹ ojú ibẹ̀, ẹ yọ èyí tó tó owó ẹyọ, ẹ bọ́ ọ sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi ọ̀dà bo ojú ibi tí ẹ yọ. Ẹ mú láti yàrá kọ̀ọ̀kan o. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe ti pálọ̀ ní 1974 yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ti yàrá ẹ̀yìn ní 1988. Àjà kan á ní, èkejì ò ní ní. Owó àyẹ̀wò yẹn ò tó owó aṣọ ẹbí tí o rà fún ìgbéyàwó ọmọ tí o ò mọ orúkọ rẹ̀.

Bí èsì bá ní kò sí, máa ha á, kí n wá bá ọ di àkàbà mú. Bó bá ní ó wà, ọ̀nà kan ò wọjà. Èyí tí mo fẹ́ràn ni kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun tí kì í dán. Bó bá dán ni àwọn róbótó ń hàn. Bí kò bá dán, tí ẹ sì yọ iná tó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yin náà á gbàgbé pé ó wà lókè. Ìkejì, kí ẹ pe ẹni tó ń rẹ́ ilé kó fi pílásítà tuntun bo gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lajú, torí àwọn kan á kọ́kọ́ fi irin gé orí àwọn ṣónṣó náà kí pílásítà lè jókòó, a sì ti padà sídìí eruku. Ẹ fi èsì hàn án kó tó gbé irinṣẹ́ wọlé. Òfin asbestos ti 2012 ò gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ní "ẹ má ṣèyọnu, mo ti ń ṣe é láti ogún ọdún", ẹ fún un ní omi tútù mu kó máa lọ. Ìkẹta ni kí wọ́n kan pákó pílásítà tuntun sábẹ́ ti àtijọ́. Ó mọ́, ó dán, ṣùgbọ́n àjà Thamesmead ò ga, ọkọ rẹ sì ga. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé pé asbestos wà lẹ́yìn pákó, kí ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín má lọ fi dírílì wá a rí.

Yíyọ ọ́ pátápátá ló gbẹ̀yìn. Ó ní ohun tí wọ́n ń kùn ún tí á mú un rọ̀, kí wọ́n lè yọ ọ́ ní tútù, pẹ̀lú ọ̀rá lára ògiri àti ẹ̀rọ húfà tiwọn tó yàtọ̀ sí ti ilé. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni. Ẹrù rẹ̀ náà ní ibi tó ń lọ. Káńsù mìíràn máa ń gbà á bí ènìyàn bá ti fi tó wọn létí tó sì dì í bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí àjà bá ti ń jò, tó ń wú, tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, a ò ní sọ pé ká fi í sílẹ̀ mọ́. Yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìwẹ̀ aládùúgbò yín lókè, ẹ máa wò ó dáadáa.

Kí o tó pe ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mìíràn: ta ló ni àjà yẹn? Má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà òfin 1980 tó jẹ́ kí ayálégbé ra ilé káńsù ni mo ti ń rí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n rò pé nígbà tí àwọn ti ra fúláàtì, àwọn ti ra gbogbo rẹ̀. Líìsì lẹ ní, Bùsọ́lá. Inú líìsì ni wọ́n kọ ọ́ sí bóyá pílásítà àjà jẹ́ tiyín, bóyá pákó ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti onílé, bóyá ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ẹ tó tú u. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní nínú ìwé asbestos wọn, torí òfin ní kí wọ́n mọ èyí tó wà ní àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo yín jọ ń lò. Bí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò fúláàtì mìíràn nínú ilé yẹn rí, ẹ lè gbọ́ nǹkan níbẹ̀. Lọ́yà yín ti gbowó tán, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé fóònù.

Má rò pé ìwọ nìkan ni mo ń bá jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń tún ilé bàbá wa ṣe ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, òun náà ti gba tirẹ̀. Àjà ibẹ̀ ò ní róbótó, pákó asbestos pẹlẹbẹ ni, bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílé. Káfíńtà á fi ayùn ré e láìfi nǹkan kan bo imú, àwọn ọmọ á dúró máa wò ó, wọ́n á da èyí tó fọ́ sójú ọ̀nà kí wọ́n fi dí kòtò, ọkọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ gbogbo. Mo ní kó rẹ ẹ́ sómi, kó yọ ìṣó, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kó má fọ́ ọ, kó má sun ún. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ti pọ̀ jù." Mo ní kó bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bóyá ó mọ ìyàtọ̀ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Mọ́kọ́lá.

O ní ìṣílé ti sún mọ́lé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á máa wo òkè. Àwọn wo? Àwọn tó ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì? Bí ìrẹsì bá dùn, abọ́ ni wọ́n á máa wò. Bí kò bá dùn, ojú rẹ ni wọ́n á máa wò. Èmi ni mo máa se é, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Kùn ún ní funfun lẹ́yìn tí èsì bá dé. Bí èsì ò bá tíì dé, pa yàrá yẹn tì, kí ẹ ṣe àríyá ní pálọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè, sọ fún un pé Àǹtí rẹ ló tì í tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ yẹn? Dàre ọkọ rẹ ni? Ó ti dé láti ìgbà wo? Kí ló mú lọ́wọ́? Sáńpépà! Gbé fóònù fún un. Mo ní gbé fóònù fún àna mi, mo fẹ́ kí i.